Ìròyìn Aago Méje

"Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń ran oníròyìn lọ́wọ́… ẹni tí àgbàrá bá wó ilé rẹ̀… wọ́n ní yàrá ni wọ́n ń fún un…"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ò dúró gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà ló forí lé, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Àbúrò mi, omi gbé ilé mi lọ láàárọ̀ àná. Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé ni ìyá mi sùn mọ́jú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n," ni akọ̀wé wí. "Àdúgbò wo ni?"

"Ẹ̀yìn afárá."

Akọ̀wé yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò. "Kò sí níbí o. Ìròyìn rédíò la fi ń mọ ibi tí omi ti ṣọṣẹ́. Ọ̀gá ò ní fọwọ́ sí i láìsí i níbẹ̀."

"Rédíò wo?"

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n. Ìròyìn aago méje alẹ́ àná. Ohùn yín ni mo gbọ́."

Ọkùnrin náà rọra jókòó. "Ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú wa la máa ń kà. Ẹnu la kàn ń yá wọn. Kí ni mo tiẹ̀ kà?"

Akọ̀wé ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ní, 'Omi kò wọ ilé kankan lẹ́yìn afárá. Kí ará ìlú fọkàn balẹ̀.'"