Sàlámì Lé Ẹni Tó Ń Wo Ẹ̀rọ

"Bàbá Mùínàt, ẹ lọ bẹ Ìyá Rántí kí wọ́n padà wá. Ẹ má jẹ́ kí Mùínàt dá wà nídìí ẹ̀rọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Sìkírátù bá Sàlámì ọkọ rẹ̀ sọ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìtàn náà kò gùn. Ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fún ẹlòmíì kà.

1.
Ilé gàárì ni tọkọtaya náà ní n'Ísúndúnrìn. Obìnrin mẹ́rin ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́ta ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n ń kó o sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹrin, Ìyá Rántí, ti dàgbà. Orí àpótí ló ń jókòó sí, á máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára wọn. Bí aṣọ ẹnì kan bá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lọ sídìí bẹ́líìtì, á kígbe, á pa ẹ̀rọ. Nílé gàárì wọn, a kì í tan ẹ̀rọ bí ẹni tí ń wò kò bá tíì jókòó.

2.
Lọ́dún 1991, Sàlámì gbé ẹ̀rọ tuntun dé láti Àbíjáàn. Ó ń fa ẹ̀gẹ́ sẹ́nu fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá tán, á dákẹ́. Bí ó bá gbóná jù, á fọn fèrè, á kú. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn pàápàá wá wò ó.

"Tu sẹ́ẹ̀l!" Sàlámì ń fi Faransé yangàn. "Ó ń dá a ṣe ni! Ó gbọ́n ju èèyàn lọ."

"Tó bá gbọ́n," ni Ìyá Rántí wí, "ẹ ní kó kí àgbà káàárọ̀."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Sàlámì.

"Ìyá Rántí, kí gan-an niṣẹ́ yín níbí?"

"Mo ń wò wọ́n."

"Ẹ lọ máa wo ọmọ-ọmọ yín nílé. Ẹ̀rọ tèmi ń wo ara rẹ̀."

"Ara rẹ̀ náà ló ń wò," ni ìyá náà fèsì. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí Sàlámì fi lé àwọn yòókù náà.

"Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo kù tì mí," Sìkírátù bẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ àti ẹ̀rọ ti tó."

3.
Lọ́jọ́ ọjà, Sàlámì wà l'Ẹ́jìgbò, ó ń ròyìn ẹ̀rọ rẹ̀ fáwọn ará Àbíjáàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ láti ṣa ẹ̀gẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Bẹ́líìtì wọ́ ìborùn rẹ̀, ó fa apá rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin tí ń kà á, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o. Ẹ̀gẹ́ kò tíì tán, ara rẹ̀ kò gbóná. Kò sí ohun tó ní kó dúró.

Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ tán ló dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni Mùínàt ọmọ wọn gbọ́ tó fi sáré wọlé. Sìkírátù délé ìwòsàn láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti dànù jù.

4.
Ẹ ra ẹ̀rọ. Ẹ ra èyí tó gbọ́n. Kó gba làálàá lọ́rùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́. Èèyàn ló ń mọ ìgbà tí èèyàn bá wà nínú ewu. Ẹ má sì lé ẹni tó ń ṣọ́ yín nítorí pé ó jókòó. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ń jẹ́ jànmọ́ọ̀n.

Ní ti Sàlámì, kò tíì dé ilé Ìyá Rántí. Kò tíì ta ẹ̀rọ. Kò tíì kó aṣọ Sìkírátù fáwọn ẹbí rẹ̀. Mùínàt bi í pé kí ni ìyá òun sọ kẹ́yìn. Kò tíì dá a lóhùn.