Èèyàn Mélòó Ló Wà Nídìí Ẹkù?

Ìlú Ute, 1955. Akọ̀wé ìjọba ń bọ̀ níbi ẹkù tí àwọn obìnrin ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn.

Monica, olórí wọn, rí i lókèèrè.

"Ó fẹ́ kà wá fún owó orí! Ẹ wọgbó!"

Ogójì obìnrin sá wọgbó, ó ku Monica nìkan. Wọ́n fi ọmú dí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Èèyàn mélòó ló ń ṣe epo níbí?"

"Èmi nìkan ni, ọmọ mi."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìjọba ń ṣèwádìí ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ tó ń fún epo sí. Ibi tó bá ti máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò ní gbé e débẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ̀rọ tiyín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Monica figbe ta. "Ẹ jáde o! Gbogbo yín!"

Ogójì obìnrin jáde.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ìyá, kíá báyìí lẹ ti yá èèyàn wá?"