Àlejò Ró Ìpò

"Gbádéyan, sọ fún un kó tú u lára!" Ahunṣọ fò dìde nídìí òfì. Òyìnbó obìnrin tí Gbádéyan amọ̀nà mú wá ti ró ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnù fi ń sin àgbà, ó sì ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Òkú baba ahunṣọ ló sì wà nínú yàrá, tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ náà sin lọ́la.

"Ìyá, okun o," ni Gbádéyan kí i bí ará Bùnù, "ẹ rọra. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló ń mú ìdàgbàsókè wá."

Òótọ́ ni. Pátákó ìkíni-káàbọ̀ ti dé abúlé. Omi ẹ̀rọ nìkan ló ṣì wà lọ́nà.

Ahunṣọ bá bú sí orin òkú. Àwọn aládùúgbò tú jáde, wọ́n rí ìpò, wọ́n sì bá a gbè é tẹkúntẹkún.

"Kí ni wọ́n ń kọ?" ni àlejò bèèrè, tó ń jó.

"Wọ́n ní àárò rẹ yóò sọ àwọn," ni Gbádéyan dá a lóhùn.

Àlejò gbá ahunṣọ mọ́ra, ó dúpẹ́ ẹ̀bùn aṣọ, ó kọrí sí bọ́ọ̀sì tòun ti ìpò lára.

Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Bùnù, bẹ́ sílẹ̀. "Èmi ò gbé òkú o! Ẹ wá ọkọ̀ òkú fún un!"

"Kí ló wí?" ni àlejò bèèrè.

Amọ̀nà wo ọ̀nà Kàbbà, ó jìn. Ó wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí gan-an.

Kó tó parí rẹ̀, ìpò ti balẹ̀. Ahunṣọ mú un nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì gbé e wọlé tọ baba rẹ̀ lọ.