Bàbá Ìkórè Tó Gé Ìrudi Pómégíránéètì

Àìsàn tó ń ṣe Bámijókò kò ní oògùn ní ọsibítù: kò lè sọ pé "n kò mọ̀" láyé. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà Ìmèsí-Lásígìdì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò júwe rẹ̀ fínnífínní, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn kan ṣì wà lọ́nà títí di òní.

Àgbẹ̀ kòkó ni ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dún tí ìjọ fi í jẹ Bàbá Ìkórè, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká agbádá sí èjìká.

"Èso tí wọ́n tò sí etí aṣọ Aaroni," ni ó wí, "pómégíránéètì, ọwọ́ èmi Bámijókò ni yóò gbé e wá síbí ní oṣù kọkànlá ọdún tó ń bọ̀. Bí n kò bá gbé e wá, ẹ gba oyè yín."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mojírádé ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò pa á. Òun ló mọ̀ pé igi pómégíránéètì kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé wọn kò tíì so rí.

Ọyẹ́ dé, igi náà wọ́wé, ó ku egungun. Bámijókò ní òtútù ló ń mú un, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ wé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mojírádé fi gbọ̀n. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, igi rúwé: ewé wẹ́wẹ́, pupa bí ata.

"Mojírádé, igi yìí ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru!"

"Bàbá Àánú, ṣebí ewé kòkó tuntun náà máa ń pọ́n. Ẹ jẹ́ ká bi Ọlábísí aládùúgbò wa, iṣẹ́ ọ̀gbìn ló ń kọ́ wọn ní sùkúù."

"Kí n bi ọmọ àná? Igi inú Bíbélì lèyí, kì í ṣẹgbẹ́ kòkó."

Lọ́sẹ̀ kejì, ewé náà tutù yọ̀yọ̀ fúnra rẹ̀. Kò gba abẹ́rẹ́.

Ní oṣù karùn-ún, igi náà rudi. Ìrudi náà ki, ó pupa, ó ń dán, ó jókòó sí ṣóńṣó ẹ̀ka. Inú bí Bámijókò. Láti kékeré rẹ̀, ara igi gan-an ni kòkó ti ń so lójú rẹ̀. Èso wo ló ń bà sórí ẹ̀ka bí ẹyẹ? Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àdá ni Bámijókò fà yọ. Ó gé gbogbo ṣóńṣó náà, kí igi lè so sí ara bó ṣe yẹ.

Ọlábísí yọ orí lókè ògiri. "Yéè! Bàbá, inú ìrudi yẹn ni òdòdó wà, ara òdòdó lèso ti ń jáde! Ẹ ti gé Ìkórè!"

"Tíṣà, lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ."

"Ṣebí ẹ ní kì í ṣẹgbẹ́ kòkó?" ni Mojírádé bi í.

"Wọ́n ti dẹgbẹ́ báyìí."

Láràárọ̀ ni ó ń tan iná fóònù sí ara igi, ó ń wá èso. Eèrà ló ń rí. Igi tún rúwé, ó gbilẹ̀, ṣùgbọ́n kò rudi mọ́ lọ́dún náà.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Bámijókò gbé àwo tó fi aṣọ funfun bò lọ síwájú. Àlùbọ́sà pupa mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fi òróró pa wọ́n, ó sì gbẹ́ orí wọn bí adé orí pómégíránéètì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bámijókò kò lo ogún ìṣẹ́jú.

Àlùfáà, tí kò rí pómégíránéètì rí, mú ọ̀bẹ, ó gé ọ̀kan láti fi súre. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀mí ti dé!" ni olórí akọrin pariwo. Ìjọ bú sórin. Àlùfáà gé ìkejì, olórí akọrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Elijah, tó gbé iṣu wá, rọra fi imú fa atẹ́gùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń din ẹyin?"

Orin dá. Gbogbo ojú yí sí àwo.

"Uṣu lèmi gbé wá o," ni Elijah wí. "Uṣu kì í purọ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Bámijókò, wọ́n fi í fún Elijah. Wọ́n sì dá Bámijókò lẹ́jọ́ pé òun ni yóò máa gé àlùbọ́sà oúnjẹ Ìkórè títí ayé. Bí ẹ bá lọ lọ́dún yìí, ẹ ó bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láàrin àwọn obìnrin, abọ́ ńlá àlùbọ́sà níwájú rẹ̀, omijé ń dà wàràwàrà, tí Mojírádé ń sọ pé, "Bàbá Àánú, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ fi mọ̀ pé igi kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tó ń wọ́wé, àsìkò tó ń rudi, àti ibi tó ti ń so. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó béèrè. Ẹni tó bá sì ti ṣì í ṣe, kó tètè jẹ́wọ́ kó tó lọ ra àlùbọ́sà.