Ẹ̀gbà Ọwọ́ tí Modúpẹ́ Kùn fún Mira

Modúpẹ́ ba ẹ̀gbà ọwọ́ onígi jẹ́ rẹpẹtẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú ẹja. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ará Íńdíà tó ń kun ẹja, ẹyẹ àti òdòdó bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe ń kùn wọ́n sára ògiri. Kò gbọdọ̀ sí àyè tó ṣófo. Bí àyè bá kù láàárín ẹja méjì, ìlà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń dí i.

Iṣẹ́ Mira nìyẹn. Mira ni ìyàwó Jesse, àkọ́bí Modúpẹ́. Ọjọ́ tí Jesse kọ́kọ́ mú un wá sílé wọn ní Mitchellville, ó kun yẹtí wá fún ìyá ọkọ. Modúpẹ́ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

“Kí la fẹ́ fi ọmọ Íńdíà ṣe?” ló bi Jesse, lójú ọmọbìnrin náà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Adébọ̀wálé, ò yọjú síbi ìgbéyàwó.

Ní báyìí, ohun kan ṣoṣo ni Modúpẹ́ ń fẹ́: kó dé ọ̀dọ̀ Jesse. Kò mọ ibẹ̀. Ìtùnú, àbúrò Jesse, mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ júwe rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

“Ìwọ òbí lo fẹ́ lọ bá ọmọ níbẹ̀?” Adébọ̀wálé bi í. “Wọn kì í ṣe é, Modúpẹ́. Ta lo rí tó ṣe é rí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Jesse. Ọmọ mi ni.”

“Ọmọ tèmi náà ni! Ṣé o rí mi kí n máa lọ?” Ó dìde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ ní gárèèjì, kò sì ṣíná.

Ní Sátidé, Modúpẹ́ kó àwọn ẹ̀gbà pupa tó dára jù sínú àpò, ó wa mọ́tò lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Glenarden níbi tí Mira ti ń tajà. Yẹtí àti ẹ̀gbà kún orí tábìlì Mira. Kò sí ẹ̀gbà kankan lọ́wọ́ Mira alára. Modúpẹ́ kúnlẹ̀ gbọnrangandan níwájú àwọn oníbàárà, ó na àwọn ẹ̀gbà náà sí i.

“Mo ṣẹ̀ ọ́,” ló wí. “Mo ṣẹ ẹ̀yin méjèèjì. Dákun, mú mi lọ bá Jesse.”

“Háà, Mọ́mì! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Mira gba ẹ̀gbà náà, ó ń fi ìka tọ ojú ẹja. “Ẹ̀yin lẹ kun èyí? Wọ́n mà dára o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi wọ́n sọ́wọ́ mọ́.”

Modúpẹ́ rò pé inú ṣì ń bí i ni. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n Mira ti ń fi aṣọ bo ọjà rẹ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Lójú ọ̀nà, Modúpẹ́ ń tún gèlè rẹ̀ ṣe nínú dígí, ó ń tún un ṣe ṣáá.

“Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi rí?”

“Kò fìgbà kan yéé retí yín, Mọ́mì.”

Àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọmọ Íńdíà ni Mira, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nílẹ̀ tiwọn, opó ni kì í fi ẹ̀gbà pupa sọ́wọ́. Ó di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú gba àárín àwọn òkúta, ó sì fi ojú oórì Jesse hàn án.