Mákánjú Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Fún Un Lómi

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, nítorí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Láyé ìjọba òyìnbó, nígbà tí àwọn Faransé ń fipá kó ènìyàn lọ la ọ̀nà ní ìkọjá ààlà, ọ̀pọ̀ ló sá wá sí ìhà Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin Ègùn kan tó ń jẹ́ Sewanu. Àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní abúlé kan létí ọ̀sà, nítòsí Ìwòro, wọ́n sì yára tukọ̀ lọ. Kò rìn jìnnà tó fi ṣubú sábẹ́ igi àgbọn. Ara rẹ̀ gbóná janjan, eéwo wẹ́wẹ́ sì bo ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló mọ̀ pé ìgbóná ni.

Mákánjú ni olórí abúlé náà. Òun ló ni oko àgbọn tó tóbi jù, òun ló sì ni kànga kan ṣoṣo tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Ó dúró lókèèrè, ó faṣọ bo imú.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ obìnrin yìí. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ. Kó padà síbi tó ti wá."

"Baba, kò lè dìde," ni Dosi wí.

"Kó kú síbẹ̀ nìyẹn."

Opó ni Dosi. Àdín àgbọn ló ń ṣe tà lọ́jà Agbalata. Ìgbóná ti bá òun náà jà ní kékeré, àpá rẹ̀ kò kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn sá fún un nígbà náà, àfi ìyá rẹ̀ nìkan. Ó rántí èyí. Ó bu omi sínú igbá, ó sì gba iwájú Mákánjú kọjá.

"Dosi! Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo wí ni?"

"Mo gbọ́, Baba. Mi ò ní ṣe é ni."

2.

Dosi kò gbé Sewanu wọ àárín ilé, kí àrùn náà má baà ran ọmọ ọlọ́mọ. Ó fi imọ̀ àgbọn pàgọ́ sétí ọ̀sà, ó sì ń bá a gbé ibẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lẹ́kọ mu díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é ní "nọ̀vi", bí àwọn Ègùn ti ń pe ọmọ ìyá.

Ṣé Mákánjú wá dákẹ́? Rárá o! Ó ní kí Dosi má fa omi nínú kànga òun mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta àgbọn fún un, kí wọ́n má sì kí i. Dosi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn dé Aradagun kó tó rí àgbọn rà. Omi oníyọ̀ ló ń mu.

Àṣàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ́ wá bá a lọ́jọ́ kan. "Dosi, lọ bẹ Baba. Ta ni obìnrin yìí jẹ́ sí ọ ná?"

"Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni."

 Àṣàbí yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Sewanu kò kú. Ó dìde, ó rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Dosi rẹ́ àgbọn.

3.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà tí ìgbóná mú Fàúsátù, ọmọbìnrin Mákánjú. Báwo ni Mákánjú ṣe fẹ́ jáde sọ ọ́? Ó fi ọmọ pa mọ́ sínú yàrá. Nígbà tí àwọn ìyàwó rẹ̀ mọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ tó kù, wọ́n sá lọ. Ìyá Fàúsátù ti kú tipẹ́. Mákánjú wá ń ké sí àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń dá a lóhùn:

"Baba, ẹ̀yin lẹ ní ká má sún mọ́ ẹni tí ìgbóná bá mú!"

Kò sẹ́ni tó sọ fún Dosi, torí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa gbọ́, Mákánjú ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ. Kò sì pẹ́ tí òun náà fi dùbúlẹ̀.

Dosi gbé omi, ó mú ọ̀nà ilé Mákánjú pọ̀n. Àwọn ará abúlé dènà dè é. "Má lọ o! Jẹ́ kó jìyà rẹ̀."

Sewanu pàápàá mi orí. "Màá bá ọ se ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n mi ò ní wọ ilé ọkùnrin yẹn."

"Mi ò bínú sí ọ, nọ̀vi." Dosi wá kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ ní kí n má fún Sewanu lómi, mo fún un. Ẹ ní kí n má fún Mákánjú, màá fún un. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ìkà lábúlé yìí. Ẹ kúrò lọ́nà!"

Wọ́n kúrò.

Nígbà tó wọlé, Mákánjú béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

"Dosi ni. Ẹ gbé orí sókè, kí ẹ mumi."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Dosi, ọmọ mi ń ké pé omi, omi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń fi igi ti igbá sí i. Ẹ̀rù bà mí láti fọwọ́ kan ọmọ mi."

 Dosi gbé orí rẹ̀ lé apá, ó ń fún un lómi.

4.

Mákánjú yè é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì fọ́. Àwọn ìyàwó rẹ̀ kò padà mọ́. Igbó bo oko àgbọn, wọ́n sì fi ẹlòmíràn joyè olórí. Bí wọ́n bá wá bá a kẹ́dùn, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ má dá àwọn aládùúgbò lẹ́bi. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín o! Ẹni tí ẹ ń lé lónìí nítorí pé ó jẹ́ àlejò, tàbí pé ara rẹ̀ kò yá, ọmọ ẹnìkan ni. Bí olówó bá ní kí ẹ má ṣàánú, ẹ kọ̀ fún un. Bí gbogbo abúlé bá ní kí ẹ má ṣàánú, ẹ kọ̀ fún gbogbo abúlé. Ẹ má dúró gba àṣẹ kí ẹ tó gbé omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ ka èyí sétí ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó lè mọ̀ pé Fàúsátù ké pe omi nínú ilé tó ní kànga, kò sì rí ẹni gbé e mọ́ra.