Àna Erin Kò Lè Fò

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbè, ẹ gbọ́: àlọ́ tèmi já lu Erin, ó já lu Ẹdun, ó sì ń bí mi nínú títí dòní.

Erin ló ni ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ orí igi. Ó gba Ẹdun ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ẹdun ní, "Kábíyèsí, Erinmi kò lè fò. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó."

Erin ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Ojú wo ni kí n fi wo ará ilé mi?"

Ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó gbin iṣu lánàá kì í wà á lónìí, àmọ́ Erin lé Ẹdun. Àwọn ẹranko ń gbè é:

*Ta ló bà á jẹ́?*
*Ẹdun ni.*

Ehoro rọ́pò rẹ̀. Òun náà ní kí Erinmi jókòó, ni wọ́n bá lé e. Erin wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀, wọ́n tún fìdí rẹmi. Nígbà tí kò sẹ́ni tí yóò lé mọ́, ó ní apẹ̀rẹ̀ ló ga jù. Wọ́n gé igi náà lulẹ̀.

Ó ti rẹ Erinmi. Ó jókòó wàyí, orí apẹ̀rẹ̀ ló sì jókòó lé. Apẹ̀rẹ̀ fọ́ yángá.

Àwọn ẹranko wo apẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ojú Erin, wọ́n dá orin:

*Ta ló fọ́ ọ?*
*Ẹdun ni.*